Bá a ṣe ń yan tàípù fún ẹ̀dá-ìtàn: Okonkwo ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń bá gbogbo ẹni tó bá lanu jiyàn pé Enneagram 8 ni Okonkwo, ọkùnrin inú *Things Fall Apart*: nínú ètò tó pín ìwà èèyàn sí tàípù mẹ́sàn-án, 8 ni ẹni tí ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jọba lé òun lórí. Kò sẹ́ni tó lè yí mi lọ́kàn padà. Ọkùnrin tó ń fi ẹ̀ṣẹ́ fọhùn, tó ń na ìyàwó, tó fi àdá bẹ́ ìránṣẹ́ kóòtù lórí, kí lẹ tún fẹ́ kó ṣe kẹ́ ẹ tó gbà? Àfi lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ, àbúrò mi obìnrin tó ń ka ìwé náà fún kíláàsì wò mí, ó ní, "Bùrọ̀dá mi, tí ò bá bẹ̀rù nǹkan kan lóòótọ́, kí ló dé tó ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lálẹ́ ọjọ́ tí àwòrò gbé Ezinma ọmọ ẹ̀ lọ, tí ò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀?" Ẹnu mi wọhò. Mo ní jẹ́ kí iná dé ná.

Iná dé, mi ò rí èsì fún un. Mo wá rí i pé ariwo Okonkwo ni mo ti ń yan tàípù fún látọjọ́ yìí, mi ò tíì kan Okonkwo fúnra ẹ̀. Yorùbá kúkú ti yà á sọ́tọ̀ fún wa: ìṣe lọ́tọ̀, ìwà lọ́tọ̀. Ìṣe lojú ń rí, ìwà ló wà nídìí ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ bí mo ṣe ń ṣe é báyìí, kẹ́ ẹ má baà fi ọdún mẹ́ta jiyàn bíi tèmi.

Ohun tẹ́ ẹ máa lò

Tíọ́rì tó wà nílẹ̀ pọ̀. Èyí táwọn èèyàn mọ̀ jù ni onílẹ́tà mẹ́rin, MBTI. Dókítà ọpọlọ kan ní Switzerland, Carl Jung, ló gbé ìwé jáde lọ́dún 1921, ó ní ọkàn àwọn kan máa ń lọ síta (E), tàwọn míì máa ń lọ sínú (I), ó sì ní ọ̀nà mẹ́rin lorí èèyàn ń gbà ṣiṣẹ́: àwọn kan ń fi ojú, etí àti ọwọ́ mọ nǹkan (S), àwọn kan inú wọn ló ń sọ fún wọn (N), àwọn kan ń fi làákàyè ṣèpinnu (T), àwọn kan ń fi ohun tó ṣe pàtàkì sí ọkàn wọn ṣèpinnu (F). Ọ̀nà 4 yẹn, síta àti sínú, ó di 8: Te ni T tó kọjú síta, Ti ni T tó kọjú sínú, bẹ́ẹ̀ náà ni Fe, Fi àti àwọn yòókù. Ìyá kan lÁmẹ́ríkà, Katharine Briggs, rí ìwé yẹn kà nígbà tí wọ́n tú u sí Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1923, òun àti ọmọ ẹ̀ Isabel Myers ló wá fi lẹ́tà kan kún un (J, ẹni tó fẹ́ kí nǹkan wà létò, tàbí P, ẹni tó ń fi àyè sílẹ̀) tó fi di 16. Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ìwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni Isabel kọ́kọ́ kọ, ìwé ọ̀hún sì gbégbá orókè nínú ìdíje lọ́dún 1929, ó ju ọdún mẹ́wàá lọ lẹ́yìn ìyẹn kó tó kó sídìí tẹ́ẹ̀sì. Ẹni tó ń dá ẹ̀dá-ìtàn tẹ́lẹ̀ ló ṣe tẹ́ẹ̀sì tí gbogbo ayé ń ṣe, ẹ rántí ìyẹn tẹ́nì kan bá ní eré ọmọdé lẹ̀ ń ṣe.

Ìkejì ni Enneagram, oní-nọ́ḿbà 9. Oscar Ichazo ọmọ Bolivia àti Claudio Naranjo ọmọ Chile ló sọ ọ́ di bá a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. MBTI ń bi yín pé báwo lorí ẹni yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, Enneagram ní tiẹ̀ ń bèèrè pé kí lẹ̀rù ń bà á. Ẹ máa nílò méjèèjì.

Kí n sọ èyí kíákíá ká lè kọjá lọ: ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìhùwàsí ò ka MBTI sí sáyẹ́ǹsì gidi, torí ẹni tó bá ṣe tẹ́ẹ̀sì ọ̀hún lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan lè gba lẹ́tà tó yàtọ̀, Big Five, tó ń wọn ìwà márùn-ún lára èèyàn, ni wọ́n fọkàn tán jù. Mo gbà. Tó bá jẹ́ ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ gbà síṣẹ́ tàbí ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ fẹ́, ẹ má lò ó rárá. Ṣùgbọ́n ẹni inú ìwé ò lè ṣe tẹ́ẹ̀sì, ohun tí òǹkọ̀wé kọ nípa ẹ̀ náà ò sì ní yí padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Irinṣẹ́ ìkàwé la fi í ṣe níbí.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mú ẹ̀dá-ìtàn tó lè gbé e

Kì í ṣe gbogbo ẹni inú ìtàn ló ní tàípù. Ẹ wo Ìjàpá. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé ENTP ni, torí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ẹ̀. Ó dáa, ENTP wo ló kó gbogbo ọgbọ́n ayé sínú akèrègbè kan, tó gbé e kọ́rùn síwájú àyà, tó wá ń gun igi pẹ̀lú ẹ̀ láìrò ó pé ẹ̀yìn ló yẹ kó gbé e kọ́? Lọ́jọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, ọgbọ́n yẹn náà ló fi mú erin wọ̀lú. Nínú ìtàn tí babaláwo se àsèjẹ fún Yánníbo kó lè lóyún, tí wọ́n kìlọ̀ fún Ìjàpá kó má tọ́ ọ wò, ọ̀nà ilé ló ti jẹ ẹ́ tán tí ikùn ẹ̀ sì wú, kò sí ọgbọ́n kankan níbẹ̀, ọ̀fun lásán ni. Bí àpalọ́ bá ṣe fẹ́ kó rí lálẹ́ ọjọ́ náà lÌjàpá ń rí. Ohun kan ṣoṣo tí kì í yí padà lára ẹ̀ ni wọ̀bìà. Ẹ ò lè fi wọ̀bìà nìkan yan lẹ́tà mẹ́rin.

Okonkwo ní tiẹ̀, nínú *Things Fall Apart* tí Chinua Achebe kọ lọ́dún 1958 (ó wà ní Yorùbá náà, Wálé Ògúnyẹmí ló tú u, *Ìgbésí Ayé Okonkwo*), a mọ bàbá ẹ̀, a mọ̀ ọ́n látọmọ ọdún 18 tó fi da Amalinze tí ẹnikẹ́ni ò dá fún ọdún 7, títí dọjọ́ tó pokùn so. Asọ̀tàn máa ń sọ inú ẹ̀ fún wa, ó sì láwọn ọ̀rẹ́ tá a lè fi wé e. Irú ẹni tá à ń wá nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tẹ́ ẹ mú tó o, ẹ wò ó bóyá ẹ lè rántí ibi tó ti ṣe ohun tó ta ko ara ẹ̀. Tẹ́ ò bá rí, ẹ mú ẹlòmíì.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kó ẹ̀rí jọ, ẹ má tíì dárúkọ lẹ́tà kankan

Ibí làwọn èèyàn kì í ní sùúrù fún. Ẹ mú ìwé àti báírò, tàbí fóònù yín, ẹ la ọ̀nà mẹ́ta sí i: ohun tó ṣe, ta ló ń wò ó nígbà tó ṣe é, kí ni asọ̀tàn sọ pé ó wà nínú ẹ̀. Ẹ kọ ojú ìwé sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ má baà máa wá a kiri nígbà táríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀.

Ọ̀nà àárín yẹn, ta ló ń wò ó, òun ni mi ò ní tẹ́lẹ̀, òun ló sì pa iyàn mi. Díẹ̀ lára tèmi rèé:

Ọ̀sẹ̀ Àlàáfíà, tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ na ọmọ ẹnìkejì ẹ̀, Ojiugo, ìyàwó ẹ̀ tó kéré jù, lọ dirun kò tètè dé wá dáná, Okonkwo lù ú. Àwọn ìyàwó tó kù ń rán an létí ọ̀sẹ̀ tá a wà, kò dá ọwọ́ dúró. Wọ́n bu ìtanràn lé e, ó san án. Nínú lọ́hùn-ún ó kábàámọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tí í máa sọ fún aládùúgbò pé òun ṣàṣìṣe.

Ikemefuna, ọmọ tí ìlú míì fi tánràn fún ìlú ẹ̀, gbé lọ́dọ̀ ẹ̀ fún ọdún 3, ó ń pè é ní bàbá. Nígbà tí òrìṣà ní kí wọ́n pa ọmọ náà, Ezeudu, àgbà ìlú kan, wá kìlọ̀ fún un, ó ní ọmọ yẹn ń pè ọ́ ní bàbá, má lọ́wọ́ nínú ikú ẹ̀. Ó bá wọn lọ. Nígbà tí wọ́n ṣá ọmọ náà tó sì ń sáré bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀, ó yọ àdá, òun ló pa á, asọ̀tàn ò sì fi ìdí ẹ̀ pa mọ́: ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má pè é ní aláìlágbára. Àwọn ọkùnrin abúlé ló ń wò ó. Ó délé, ọjọ́ 2 ló fi wà láìjẹun, ẹmu ló ń mu. Níbẹ̀ kò sí ọkùnrin abúlé kankan tó ń wò ó.

Alẹ́ tí Chielo, àwòrò òrìṣà Agbala, gbé Ezinma lọ, ìyá ọmọ náà, Ekwefi, tẹ̀ lé wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Okonkwo dúró díẹ̀ ná, ó fẹ́ kí ìwọ̀n àsìkò tó bójú mu fún ọkùnrin kọjá, ó wá mú àdá ó lọ síbi ihò àpáta, kò bá ẹnikẹ́ni, ó padà sílé, ó tún lọ, ìgbà kẹrin ló tó rí Ekwefi níbẹ̀, ìdààmú sì ti bá a gan-an nígbà yẹn. Nínú òkùnkùn ni gbogbo ẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ẹ rí i àbí?

Bẹ́ ẹ ṣe ń kó o jọ, ẹ máa wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ohun tí asọ̀tàn bá sọ lágbára ju ohun tí ọ̀tá ẹ̀ sọ lọ, èyí tó fúnra ẹ̀ bá sọ nípa ara ẹ̀ ni kẹ́ ẹ fura sí jù, torí kò séèyàn tí kì í fi ẹwà bo ara ẹ̀. Tó bá jẹ́ fíìmù lẹ̀ ń wò kò sí asọ̀tàn, ẹ máa wo ojú wọn nígbà tí ẹlòmíì ń sọ̀rọ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ yọ ìlú kúrò lára ẹ̀

Mo ti ka ibi tẹ́nì kan ti kọ ọ́ pé ESTJ ni Okonkwo torí ó níyàwó 3, ó ní àká iṣu, ó ń gba oyè, ó sì ń bọ òrìṣà àwọn bàbá ẹ̀. Ẹ gbà mí o. Ta ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nínú àwọn ọkùnrin tó rọ́wọ́ mú ní Umuofia, ìlú ẹ̀? Ìyàwó mẹ́sàn-án ni Nwakibie, olówó ìlú kan, ní, àká iṣu ẹ̀ sì jẹ́ 3, ṣé òun náà jẹ́ ESTJ ìlọ́po mẹ́ta nìyẹn? Ohun tí gbogbo ìlú bá ń ṣe kì í ṣe ẹ̀rí tàípù, ẹ̀rí pé ó ń gbélùú ni. Bẹ́ẹ̀ náà lọ́dọ̀ tiwa, tí ẹ̀dá-ìtàn Yorùbá bá dọ̀bálẹ̀ kí àgbà, ẹ má wá sọ fún mi pé Fe ló mú un dọ̀bálẹ̀, ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ ni.

Ibi tó ti yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ ẹ̀ lẹ máa wò. Obierika ni kẹ́ ẹ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́, ìlú kan náà, ọjọ́ orí ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà. Òrìṣà ní kí wọ́n pa Ikemefuna, Obierika ní òun ò ta ko òrìṣà, ṣùgbọ́n òun kọ́ lòun máa ṣe é, ó jókòó sílé. Okonkwo lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n lé Okonkwo lọ sí Mbanta, ìlú ìyá ẹ̀, fún ọdún 7 torí ìbọn tó bú tó pa ọmọ Ezeudu, Obierika ló jókòó tó ń ro ó pé kí ló dé tí èèyàn á jìyà tó bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ tí ò mọ̀ọ́mọ̀ dá. Ìlú kan náà, òfin kan náà, orí méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyàtọ̀ yẹn lẹ lè yan tàípù fún.

Tẹ́ ẹ bá fi ìyẹn gbọn tèmi, ohun tó ṣẹ́ kù lára Okonkwo ò pọ̀: iṣẹ́ àṣekúdórógbó, kò ní sùúrù fún ọ̀rọ̀ ẹnu (ó tiẹ̀ máa ń kólòlò díẹ̀, tínú bá bí i tí ọ̀rọ̀ ò tètè jáde, ẹ̀ṣẹ́ ló kàn), ó kórìíra ẹni tí ò ṣàṣeyọrí, ó sì ń sá fún gbogbo ohun tí bàbá ẹ̀ Unoka fẹ́ràn, fèrè, ẹmu, ìrọ̀rùn, gbèsè.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ wá ọ̀nà tí orí ẹ̀ ń gbà ṣiṣẹ́

Ẹ gbàgbé E tàbí I ná, èyí tó ń ti èèyàn sí kòtò jù nìyẹn, torí gbogbo alákíkanjú nínú ìtàn ló máa dà bí E. Ìbéèrè méjì ni kẹ́ ẹ bi ẹ̀rí yín. Àkọ́kọ́: kí ló kọ́kọ́ ń rí, ohun tó wà níwájú ẹ̀ báyìí (Se), ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí tó fi ń díwọ̀n tòní (Si), ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lóríṣiríṣi (Ne), àbí ibi kan ṣoṣo tí gbogbo ẹ̀ ń lọ (Ni)? Ìkejì: kí ló fi ń pinnu, èrè àti iye tí ojú rí (Te), bí nǹkan ṣe bára mu nínú orí ẹ̀ (Ti), bí ara ṣe máa rọ gbogbo wa (Fe), àbí ohun tí ọkàn tiẹ̀ ò lè gbà (Fi)?

Okonkwo tọ Nwakibie lọ, ó tọrọ èbù iṣu, wọ́n kó 800 fún un, ọ̀dá dá lọ́dún yẹn, òjò wá rọ̀ ní àrọ̀jù, ẹnì kan tiẹ̀ pokùn so nítorí ẹ̀. Òun ò kú. Látọjọ́ yẹn ló ti ń sọ pé bí òun bá yè lọ́dún yẹn, kò sóhun tóun ò ní yè. Ẹ wo bó ṣe ń ronú: ohun tó ti kọjá ló fi ń wọn ohun gbogbo, iye iṣu àti iye oyè ló fi ń wọn ọkùnrin. Te ló ṣíwájú, Si ló tẹ̀ lé e, tàípù tí wọ́n ń pè ní ESTJ nìyẹn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ESTJ, mo fi báírò kọ ọ́ wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́, kó má baà dà bí òfin.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ wò ó nígbà tó bá fẹ́ ya

Òun ni mo fẹ́ràn jù. Tíọ́rì yìí sọ pé tàípù kọ̀ọ̀kan ní apá kan tó ṣe aláìlágbára jù, a kì í rí i títí wàhálà á fi dé, tó bá dé, á bú jáde bí ọmọ tí wọ́n tì mọ́lé. Ti ESTJ ni Fi, ìmọ̀lára tó jẹ́ ti ara ẹni nìkan. Torí náà tó bá jẹ́ ESTJ lóòótọ́, ó yẹ ká bá ìfẹ́ tó tì mọ́lé tí ò mọ bó ṣe máa sọ ọ́, tó ń jáde lọ́nà òdì.

Ẹ padà sínú ẹ̀rí yín. Kò jẹun fún ọjọ́ 2. Ó lọ lẹ́ẹ̀mẹrin nínú òkùnkùn. Àìsàn ibà mú Ezinma, òun fúnra ẹ̀ ló lọ já ewé tó sì kó o sínú ìkòkò. Ó fẹ́ràn ọmọ yẹn débi pé ṣe ló ń sọ pé ì bá jẹ́ ọkùnrin, torí kò mọ ọ̀nà míì tó lè fi sọ pé mo fẹ́ràn rẹ. Ó wọlé síbi tó yẹ kó wọlé sí. Tó bá jẹ́ ESTP làwọn kan ní kó jẹ́ (wọ́n pọ̀, torí ẹ̀ṣẹ́ ẹ̀ tó yá), apá aláìlágbára ẹ̀ á jẹ́ Ni, wàhálà á mú un bẹ̀rẹ̀ sí í rí àmì àti ìtumọ̀ ibi lára gbogbo nǹkan. Mi ò rí ìyẹn lára Okonkwo.

Ìgbésẹ̀ 6: Kí lẹ̀rù ń bà á?

Enneagram dé. Ẹ̀rù 8 ni kí ẹlòmíì má jọba lé e lórí, kí wọ́n má pa á lára. Ẹ̀rù 3 ni kó má di ẹni tí ò já mọ́ nǹkan kan, ìdí nìyẹn tó fi ń ko oyè àti èrè jọ tí èèyàn lè rí. 6 ní tiẹ̀ ń bẹ̀rù pé ilẹ̀ lè yẹ̀ lábẹ́ òun, irú 6 kan sì wà tó jẹ́ pé ohun tó ń bà á lẹ́rù gan-an ló máa ń sáré lọ kọlù.

Èwo ni? Okonkwo ò ráhùn rí pé àwọn àgbà ìlú ń darí òun, wọ́n bu ìtanràn lé e ó san án, wọ́n lé e nílùú ó kó ẹrù ẹ̀. 8 ò ní rọra kó ẹrù bẹ́ẹ̀. Asọ̀tàn sì sọ ọ́ gbangba ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé pé ẹ̀rù ìjákulẹ̀ àti àìlágbára ló ń darí gbogbo ayé ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rù igbó tàbí ti òrìṣà, ẹ̀rù ara ẹ̀ ni, kó má lọ jọ bàbá ẹ̀. Ojú mi ti kọjá ibẹ̀ ní àìmọye ìgbà láàárín ọdún mẹ́ta yẹn, mò ń wá ẹ̀ṣẹ́. 3 ni mo mú báyìí. Àbúrò mi ní 6 tó ń kọlu ẹ̀rù ẹ̀ ni, kò sì tíì gbà fún mi, ẹ̀rí ẹ̀ náà ò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: ọwọ́ tó fi pa Ikemefuna.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ gbìyànjú láti ba ìdájọ́ yín jẹ́

Ẹ wá ibi tí tàípù tẹ́ ẹ yàn ò ti bá a mu. Tèmi ni Si. Ẹni tí Si ẹ̀ lágbára máa ń pa èèwọ̀ mọ́, Okonkwo sì lùyàwó nínú Ọ̀sẹ̀ Àlàáfíà, ó yìnbọn sí Ekwefi nígbà tí ọdún iṣu tuntun ń bọ̀ torí ó kùn sí i lábẹ́lẹ̀ nípa ìbọn tí ò pa nǹkan rí. Ẹ̀rí yìí ò bá mi lára mu rárá. Mo lè sọ pé ìbínú ló bò ó, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún gbólóhùn yẹn, torí ìbínú lè bo gbogbo ẹ̀rí tẹ́ ò fẹ́. Mo fi sílẹ̀ nínú àlàyé mi bó ṣe wà, mo kọ ọ́ pé ibí ni mo ti lè jẹ̀bi.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ kọ ọ́ fáwọn èèyàn, ẹ má fi lẹ́tà bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ìran kan bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí níbẹ̀, ìran kejì tó gbè é lẹ́yìn, èyí tó ta kò ó, lẹ́tà á dé lẹ́yìn. Ẹni tí ò gbọ́ nípa MBTI rí á lè tẹ̀ lé yín, ẹni tó gbọ́ ọ náà á rí ohun tó máa fi bá yín jà.

Kẹ́ ẹ fi kọ́wọ́, ẹ mú Nwoye, ọmọ Okonkwo. Ìran mẹ́ta péré: alẹ́ tí bàbá ẹ̀ pa Ikemefuna wálé, ìgbà tó gbọ́ orin àwọn onígbàgbọ́ ní Mbanta, àti ọjọ́ tí bàbá ẹ̀ di ọrùn ẹ̀ mú tó bi í pé níbo lo ti ń bọ̀. Ẹ kọ ta ló ń wò ó nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ti ní lẹ́tà tèmi nílẹ̀, àbúrò mi náà ti ní tiẹ̀, a ò sì jọra.